Awò Wo Ni Kí N Rà fún Ọmọ Mi?

Láti ilé wa ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀, mo máa ń mú ọmọ mi lọ sí ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, láti wo àwọn àdán bí wọ́n ti ń gbéra lọ wá èso jẹ. Ó bẹ̀ mí pé kí n ra awò tí í fa ohun òkèèrè súnmọ́ ojú. Mo kó owó àjọ tí mo fẹ́ fi ra aṣọ, mo sì ra olójú kan, nítorí pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 20 sí 60.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo ṣìnà. Bí a kò bá gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, gbogbo nǹkan ni yóò máa gbọ̀n. Ibi tóóró ni ó ń fi hàn; kí ọmọ tó rí àdán kan, ó ti fò kọjá. Ohun tí ó dúró sójú kan lókèèrè ni ó wà fún. Ọmọ sunkún, díẹ̀ ni ó kù kí n bá a sun ún.

Mo tà á, mo ra olójú méjì, 8×42: ìlọ́po 8, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 42. Ọwọ́ lásán tó o gbé. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún ọmọ kí ó má fi wo oòrùn láé, kí ojú má baà fọ́.

Kì í ṣe èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù ni ó dára jù, bí kò ṣe èyí tí ó bá ọwọ́ ọmọ mu.