Linux wo ni ó yẹ kọ̀ǹpútà àtijọ́?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10. Létí ẹni tí ń gbé láàárín àwọn òkè 41 Ìdáàṣà, ìròyìn yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa ni. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè RAM tí kò dín ní gígábáìtì 4, ó sì ń béèrè ẹ̀yà ààbò kan, TPM 2.0, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní. Èyí tí ọ́fíìsì kan ní Faransé bá tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé sílẹ̀ kì í sábà kú síbẹ̀. Yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, yóò gúnlẹ̀ sí Kútọnu, a ó sì rí i lórí tábìlì ní ẹ̀bá títì lábẹ́ orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀: “venu de France”. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gòkè wá bá wa.

Ilé-ìwé girama tí mo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò gba mọ́kànlá irú wọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú tí ń gbé lókè òkun. Kò sí èyí tí ó jẹ́ tuntun nínú wọn. Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ ní kí a tà wọ́n fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Àwọn mìíràn ní kí a wá Windows ayédèrú sí i, kí ó ṣáà máa tàn. Èmi kò fara mọ́ èkíní, n kò sì fara mọ́ èkejì. Windows ayédèrú tí mo ti rí ní àyíká wa kì í dá nìkan wá. Fáírọ́ọ̀sì a máa bá a rìn, láti inú clé USB kan bọ́ sí òmíràn, títí ìbéèrè ìdánwò tí olùkọ́ tẹ̀ ní alẹ́ yóò fi di àwátì ní òwúrọ̀.

Kí ni àwọn ọmọ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ká mi lára jù. Lẹ́yìn BAC, orí ìkànnì apresmonbac.bj ni àwọn ọmọ wa ti ń yan ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan àtẹ bọ́tìnì rí yóò lọ jókòó ti ọ̀dọ́kùnrin kan ní sìbẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà ni yóò sì máa bá a tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ọmọbìnrin kan, ọ̀jáfáfá nínú ìṣirò, tí ó bá ara rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ rárá, nítorí pé ẹni tí ó bá a tẹ̀ ẹ́ to àwọn àṣàyàn rẹ̀ sódì, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ bí a ti ń padà wo ohun tí a ti kọ. Ọdún kan gbáko ni ó bá a lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé eré àwọn tí kò níṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, mo máa ń wò ó lójú láìfèsì.

Linux ni mo dábàá. Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Fínlándì nígbà náà, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni: ẹnikẹ́ni lè lò ó, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún aládùúgbò rẹ̀. Òmìnira yìí ni ó sọ ọ́ di ìdílé ńlá tí àlejò kò lè ka ọmọ inú rẹ̀ tán, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè pé “èwo ló fúyẹ́ jù?” lè gbọ́ ogún ìdáhùn lẹ́nu ènìyàn mẹ́wàá.

Lójú tèmi, ìbéèrè náà kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbé. A lè fi Linux sórí clé USB, kí a fi í tan kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a sì tẹ àṣẹ méjì péré. Àṣẹ lscpu yóò sọ bóyá bíìtì 32 nìkan ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà mọ̀, tàbí ó mọ 64 pẹ̀lú. Àṣẹ free -h yóò sọ iye RAM tí ó ní. Kí a tó ṣe èyí, àbúrò wa tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní SVT ti ya àwọn kékeré mẹ́ta kan sọ́tọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn wọ̀nyí ló tuntun jù, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní èyí tó dára jù.” Intel Atom N270 ti ọdún 2008 ni a bá nínú wọn, bíìtì 32 nìkan ni ó mọ̀, RAM wọn kò sì ju gígábáìtì 1 lọ. Àwọn gàgàrà mẹ́jọ tí ó fẹ́ kó sẹ́yìn ní Core 2 Duo, irú èyí tí Intel kọ́kọ́ gbé jáde ní 2006. Wọ́n mọ 64, wọ́n sì ní RAM gígábáìtì 2. Àbúrò wa rẹ́rìn-ín, ó sì lọ gbé àwọn gàgàrà padà sórí tábìlì.

Lẹ́yìn èyí, àwọn orúkọ kan kúrò nínú ìdíje fúnra wọn. Lubuntu, ọ̀kan nínú ẹbí Ubuntu tí Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 2004, fúyẹ́, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí kò ti gbé ẹ̀dà tuntun jáde fún bíìtì 32. Puppy Linux, tí Barry Kauler bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2003, jẹ́ ohun ìyanu: inú RAM ni ó ń kó ara rẹ̀ sí, tó bẹ́ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà tí dísìkì rẹ̀ ti kú pàápàá lè fi í ṣiṣẹ́ láti orí clé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìlò ara mi. Ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ ọ́n ní ilé-ìwé. Ìjọba lè gbé mi lọ sí Natitingou lọ́la. Ta ni yóò tún un ṣe?

Ìbéèrè yìí ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. A fi Emmabuntüs sínú àwọn gàgàrà mẹ́jọ, a sì fi antiX sínú àwọn kékeré mẹ́ta. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nítorí inú Debian ni a ti bí àwọn méjèèjì. Àṣẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́ lórí ọ̀kan, yóò rí i lò lórí èkejì. Emmaüs, ẹgbẹ́ tí Abbé Pierre dá sílẹ̀ ní Faransé ní 1949 tí ó sì ń gba àlòkù láti fi ran òtòṣì lọ́wọ́, ni Emmabuntüs ti gba ìdajì orúkọ rẹ̀. Fún kọ̀ǹpútà àtúnṣe ni wọ́n ṣe é, èdè Faransé wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sì wà ní èdè tí àwọn ọmọ wa ń kà ní kíláàsì. Ní àríwá Tógò, àwọn ẹgbẹ́ YovoTogo àti JUMP Lab'Orione ti ń lò ó nínú ilé-ìwé. Èyí fún mi ní ìgboyà ju ìyìn àwọn onímọ̀ lọ. Ní ti antiX, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ojú rẹ̀ kò fa ọmọdé mọ́ra, ṣùgbọ́n RAM gígábáìtì 1 tó o.

Kí n má tan ẹnikẹ́ni jẹ: kò sí Linux tí yóò sọ íntánẹ́ẹ̀tì di fífúyẹ́. Ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta nínú Firefox tó láti gbé RAM gígábáìtì 1 mì. Nítorí náà, ohun tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì ni a gbé ka iwájú: LibreOffice fún ìwé kíkọ, GeoGebra fún ìṣirò, àti Kiwix, tí ó ti wà láti 2007, tí ó ń jẹ́ kí a ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti èdè Faransé pẹ̀lú àwòrán ju gígábáìtì 30 lọ. Ti Yorùbá kéré sí i gan-an. Ohun tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀ ni ìlú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ tí wọn kò rí.

Ọ̀rọ̀ kan tí ìwé ìtọ́sọ́nà kì í sábà sọ: bátìrì róbótó CR2032. Bí ó bá ti kú, aago kọ̀ǹpútà yóò padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, àwọn ìkànnì yóò sì kọ̀ láti ṣí, bí ẹni pé ètò tuntun náà ni kò dára. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó bínú sí Linux. Kí ẹ sì gbọn erùpẹ̀ inú fáànù lẹ́yìn ìgbà ọyẹ́. Eruku àárín òkè wa kì í ṣe eruku Paris.

Inú mi dùn jù nígbà tí a tẹ orúkọ ìlú wa bí ó ti yẹ. Bọ́tìnì AZERTY ni gbogbo wọn bá wá. Bí a bá yan bọ́tìnì kan fún iṣẹ́ Compose nínú ètò wọn, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó tẹ àmì ìyanu (!), a ó sì tẹ e: ẹ yóò jáde. Bákan náà ni ọ àti ṣ. Àmì ohùn ṣì ń béèrè sùúrù. Linux ní àtẹ Yorùbá lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí AZERTY ti mọ́ lára máa ń ṣìnà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ ɛ àti ɔ, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì ìjọba Bẹ̀nẹ̀, kí ó dán àtẹ Tógò wò.

Ọ̀ràn àwọn kékeré mẹ́ta kò tíì parí. Debian 13, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ 2025, kò ní ètò ìfisínú fún bíìtì 32 mọ́. Debian 12 tí antiX wọn dúró lé yóò rí ìtọ́jú títí di oṣù kẹfà 2028. Lẹ́yìn ìgbà náà, a ó yọ wọ́n kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ sixième yóò sì máa fi wọ́n kọ́ ìwé títẹ̀. Ní ti àwọn mẹ́jọ, RAM DDR2 ni a ń wá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ní gígábáìtì 4. Ẹni tí irú rẹ̀ bá wà nínú àpótí rẹ̀, ní Kútọnu tàbí ní Faransé, kí ó jọ̀wọ́ má ṣe dà á nù.