Kásẹ́ẹ̀tì Ojú Agbo ní Olúpọ̀nnà

Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì Ìwó rí mọ̀ pé odídẹrẹ́ kì í jìnnà sí i. Ẹyẹ yìí kan náà ni àwọn baba wa ń pè ní ayékòótọ́, nítorí pé ohun tó bá gbọ́ ni í sọ. Kì í bu iyọ̀ sí i, kì í sì í yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kúrò. Ọmọ agbègbè Ìwó ni mí, Olúpọ̀nnà gan-an ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ mìíràn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, èyí tí kò ní ìyẹ́, tí kì í jẹ ẹyìn, tó jẹ́ pé okùn pẹlẹbẹ ni ìfun rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo ń wí, pàápàá jù lọ kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn fúnra wọn fi gba eré olórin sílẹ̀ lójú agbo, níbi ìnáwó, tí kò ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ àwo kankan wá.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí pé kí ló kan ẹni tó ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, nígbà tí gbogbo orin ti wà nínú fóònù. Mo ní kì í ṣe gbogbo orin. Èyí tó wà nínú fóònù ni àwo. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni àìsùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Láyé àwo kékeré tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 ni olórin ní lójú kan. Kí ó tó júbà tán, abẹ́rẹ́ ti dé ìdí. Nígbà tí àwo ńlá dé, ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lójú kan. Èyí ló fún àwọn olórin jùjú bí Ebenezer Obey àti Sunny Adé láyè láti máa so orin mọ́ orin láìdánu dúró títí ojú àwo kan yóò fi tán. Ṣùgbọ́n kí ni ìṣẹ́jú 20 jẹ́ lójú ẹni tó máa ń bẹ̀rẹ̀ eré ní ìrọ̀lẹ́, tí ìdájí yóò sì bá a lórí àga? Ní 1971, Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe àwo kan tó fi yin Oroki Social Club ti Òṣogbo. Àwo náà dùn, ó sì gbajúmọ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n bí olórin bá ń ṣeré fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lójúkojú, ọ̀tọ̀ ni ohun tí etí ń gbọ́: bí a ti ń pe ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí onílù ti ń fi ìlù bi ẹni tó ń jó léèrè ọ̀rọ̀, bí ẹni náà ti ń fi ẹsẹ̀ dáhùn, àti bí orin ti ń yí padà nítorí ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Fẹlá Aníkúlápó-Kútì tilẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀. Orin tó bá ti ṣe sí àwo, kì í fẹ́ kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Èyí tí àwo kò tí ì gbọ́ ló máa ń kọ fún èrò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orin rẹ̀ ti ń dàgbà kí ó tó di àwo, ojú agbo ni yóò wá a lọ. Ó ṣeré ní Detroit, ní Amẹ́ríkà, ní 1986. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà jáde ní 2012, orin 4 péré ló wà níbẹ̀, orin 4 náà sì gbà ju wákàtí 2 lọ. Ọ̀rọ̀ àìsùn ni mo sọ yẹn.

Ní Olúpọ̀nnà, ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ni mo ti kọ́ ìmọ̀ yìí. Bí wọ́n bá ti kírun alásàárì tán, àwọn àgbà bí mẹ́fà tàbí méje yóò péjọ síbẹ̀: àgbẹ̀, awakọ̀, télọ̀, àti olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Oníkálùkù a máa gbé páálí kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá. Wọn kì í kọ orúkọ orin sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí a ti ń ṣe sí àwo. Ibi tí eré ti wáyé ni wọ́n ń kọ. Ẹ ó rí i tí a fi bírò kọ ọ́ pé: «Ilé-Ogbó, òru, apá kejì», «Kúta, ìlù dáadáa», «Ìsọmọlórúkọ, má ṣe pa á rẹ́».

Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ìkínní, a kì í tà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn yóò mú tirẹ̀ náà wá, kí ọwọ́ wẹ ọwọ́. Ìkejì, ẹni tó yá ni ní kásẹ́ẹ̀tì yóò kọ́kọ́ bá ni jókòó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó lè sọ ẹni tó ń kọrin, ẹni tí wọ́n ń kì, àti ìdí ìnáwó náà. Ìkẹta, bí a bá ń dá a padà, a ó ti yí i dé ìbẹ̀rẹ̀. Bí iná kò bá sí, a ó fi bírò yí i.

Bí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn pé èwo ló dára jù, ilẹ̀ á ṣú. Ẹnì kan yóò ní kò sí ẹni tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àyìnlá Ọmọwúrà, ẹni tó kú ní 1980, pé àwo kò gbé ìdajì ohun tí òun àti àwọn onílù rẹ̀ ń ṣe fún ara wọn lójú agbo. Ẹlòmíràn yóò ní sákárà Yusuf Ọlátúnjí ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Ní ti Àyìndé Barrister àti Àyìnlá Kollington, ọ̀rọ̀ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bí a bá fẹ́ tètè lọ sílé. Mo mú eré Sunny Adé kan wá nígbà kan, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1988. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n mi orí, bàbá télọ̀ sì ní: «Ó dùn, ó mọ́ lóhùn. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń kì níbẹ̀?»

Ìbéèrè yìí ló la ojú mi. Lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe kí ohùn mọ́ ló ń sọ kásẹ́ẹ̀tì di iyebíye. Ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ ni. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni eré olórin kan tí kò ṣe àwo kankan títí ó fi kú. Láàárín eré náà, ẹ̀rọ iná kú. Makirofóònù kú, gìtá kú, ohùn olórin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ìlù nìkan ni kò kú. Ẹ ó gbọ́ ìyá ìlù tó ń pe èrò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ó gbọ́ obìnrin kan tó gbe orin. Lẹ́yìn náà ni gbogbo agbo wá ń kọ ọ́, tí olórin wá di elégbè fún àwọn tó wá wò ó. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n fi ṣe báyìí. Nígbà tí iná dé, wọ́n pariwo, eré sì padà sí bó ṣe wà. Kò sí ilé-iṣẹ́ àwo tí yóò fi irú èyí sílẹ̀ láìgé e. Bí kì í bá ṣe ti kásẹ́ẹ̀tì yìí, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ lọ́la pé olórin náà wà láyé rí.

Àbùkù ojú agbo wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ní ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní C60 ń gba ìṣẹ́jú 30 lójú kan, C90 ń gba 45; ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn gan-an ni yóò tán, kí a tó yí i, olórin ti kì ènìyàn méjì kọjá. Bí a bá sì ṣe ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà, ariwo bí òjò wẹliwẹli á máa pọ̀ sí i, ohùn á máa jìnnà. Àwọn àgbà wọ̀nyí máa ń fi ikọ́ ẹnì kan, tàbí fèrè mọ́tò kan tó dún lẹ́yìn, mọ ìdí tí kásẹ́ẹ̀tì kan ti ṣẹ̀: «Èyí kò ní ikọ́ yẹn, wọ́n ti gé e kí wọ́n tó fún ọ.» Ohun tí àwọn olùkọ́ wa ń fi ìwé àtijọ́ ṣe, kí a lè mọ èyí tó ṣáájú nínú ẹ̀dà méjì, ni àwọn yẹn ń fi etí lásán ṣe.

Àwọn òyìnbó náà mọ adùn yìí. Ní 1969, àwọn kan ní Amẹ́ríkà kó orin Bob Dylan jọ láìgba àṣẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí àwo, ó sì tà. Ní 1970, ẹgbẹ́ The Who ṣeré nínú gbọ̀ngàn oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Leeds, wọ́n gbé e jáde nínú páálí lásán tí wọ́n ṣe bí ẹni pé àwo àwọn tí kò gbàṣẹ ni. Ẹgbẹ́ Grateful Dead tilẹ̀ ya àyè sọ́tọ̀ ní 1984 fún àwọn tó bá fẹ́ gba eré wọn sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ṣe pàṣípààrọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tà á. Bẹ́ẹ̀ òfin ṣọ́ọ̀bù Olúpọ̀nnà gan-an nìyẹn, àwọn bàbá náà kò sì gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ yìí rí títí mo fi sọ ọ́.

Ẹnì kan lè ní olè ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, fún eléré láṣẹ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń da àwo olórin kọ fún títà sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. N kò gbè sẹ́yìn olè. Ṣùgbọ́n níbi ìnáwó tiwa, ta ni ó ni eré? Olórin ló kọ ọ́, onílé ló náwó rẹ̀, àwọn tí wọ́n kì ló ni oríkì inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ju ti owó lọ, ẹ jẹ́ kí n fi ilé wa ṣe àpẹẹrẹ.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nílé wa, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ìsìnkú baba tó bí bàbá mi. Ní ojú kìíní, olórin náà ki ìdílé wa dé ìran karùn-ún; kò sí ẹnikẹ́ni láàyè tó lè kì í tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ojú kejì, nígbà tí owó ti pọ̀ lórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdílé kan ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn tí a jọ ń du ààlà oko nígbà náà. Èébú burúkú ni. Lónìí, ìdílé náà ti di àna wa. Àbúrò bàbá mi obìnrin ti bímọ mẹ́rin fún wọn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ wọn, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní: «Ọ̀rọ̀ tí a ti sin, ẹ má fi ẹ̀rọ hú u.» Bàbá télọ̀ ní kí wọ́n pa ojú kejì rẹ́. Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì dáhùn pé: «Bí ẹ bá gé ahọ́n ayékòótọ́, ẹyẹ lásán ló kù.»

Bí wọ́n ti ń jiyàn, okùn náà ń kú lọ. Ọ̀rinrin ti mú un, funfun bí ìyẹ̀fun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ oríkì náà sílẹ̀ nìkan, wọ́n gbà. Alẹ́ mẹ́ta ni a fi jókòó tì í, a fi sípírítì nu orí ẹ̀rọ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ kẹta, a dé ibì kan tí ohùn ti parẹ́ pátá. Mo dáwọ́ dúró. Àfi bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti pa ojú dé, tí wọ́n ń ki ìlà méjì tó sọnù náà lọ, bí ẹni pé kásẹ́ẹ̀tì kò dákẹ́ rárá. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́kàn àwọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fúnra wọn ní kí n yí i sí ojú kejì. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin láìsọ̀rọ̀, wọ́n wá ní: «Gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń lù lọ́jà nígbà tí àwọn tó kàn ṣì wà láyé.»

Ìdájọ́ wọn yìí ni mo rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa tẹ̀ lé. Ìmọ̀ tí à ń kọ́ nínú kíláàsì, ohùn ènìyàn ló ti wá. Ìjálá tí Adébóyè Babalọlá fi kọ ìwé rẹ̀ ní 1966, ẹnu àwọn oníjàálá ló ti gbọ́ ọ. Oríkì tí Karin Barber kọ nípa rẹ̀ ní 1991, ẹnu àwọn obìnrin Òkukù ló ti gbà á, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí. Kí ló dé tí a ó fi fojú di èyí tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí wa nítorí pé gìtá wà nínú rẹ̀?

Nítorí náà, mo rọ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa: nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, kí oníkálùkù béèrè nílé rẹ̀. Bí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì ojú agbo, ẹ jókòó ti ẹni tó ni ín, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti gbà á, ọdún tí wọ́n gbà á, ẹni tó ń kọrin àti ẹni tí wọ́n ń kì. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lódindi, ẹ má ṣe gé e. Ẹ wá kọ ohun tí onílé bá wí sí i lára: èyí tí gbogbo ayé lè gbọ́, àti èyí tí yóò wà ní ìpamọ́. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ní àpótí kan fún un. A kì í gbowó, a kì í sì í tà á. Ọwọ́ á wẹ ọwọ́.

Àwọn àgbà a máa gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Èyí tó wà nínú páálí kò lè fò padà wálé fúnra rẹ̀; àwa ni yóò lọ gbé e wá, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé bá a níbẹ̀.