Òkòtó Inú Ọkọ̀ Ogun

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí ọmọ kan nínú àwọn tí mo ń kọ́ ní èdè Yorùbá ti bi mí pé, ǹjẹ́ a lè fi èdè wa ṣàlàyé bí awò ìfojúsùn inú ọkọ̀ òfuurufú ajagun ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n fi gyroscope ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di gbólóhùn kẹta, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ó kàn pa ìwé rẹ̀ dé ni. Ìyẹn ni ó dùn mí jù. Mo lọ ronú sí i, mo sì tún ìdáhùn mi ṣe báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọdẹ. Ọdẹ tí ó bá yìnbọn sí ibi tí ẹyẹ tí ń fò wà, òfuurufú lásán ni yóò yìnbọn sí. Ibi tí ẹyẹ ń lọ ni ó gbọ́dọ̀ fojú sùn, kí ọta àti ẹyẹ lè pàdé. Ìṣòro kan náà ni ó ń bá àwọn awakọ̀ òfuurufú fínra nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ká ní ọkọ̀ ọ̀tá ń ré kọjá níwájú awakọ̀, tí ó jìnnà sí i ní 300 mítà, tí ó sì ń sáré 480 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ọta ìbọn bá ń sáré 750 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò lo ìdá méjì nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó débẹ̀. Láàárín àkókò kékeré yìí, ọkọ̀ ọ̀tá ti rin nǹkan bí 53 mítà. Messerschmitt 109 àwọn ará Jámánì gùn tó nǹkan bí 9 mítà. Nítorí náà, iwájú rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ yìnbọn sí, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà gígùn rẹ̀.

Ojú àwọn díẹ̀ mọ ìwọ̀n yìí, bí George Beurling, ọmọ Kánádà tí ó jà ní Malta ní 1942. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Òrùka ìmọ́lẹ̀ tí ó dúró sójú kan ni wọ́n ń wò lójú gíláàsì, wọn a sì máa méfò ìyókù.

Ibí yìí ni òkòtó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ wa tí a ṣeré ọmọdé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ òkòtó: a ó fi ìka ta á, yóò sì máa jó lórí ṣóńṣó rẹ̀. Bí kò bá yí mọ́, yóò ṣubú. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń yí kíkankíkan, olórí kunkun ni; ibi tí ó kọjú sí ni ó fẹ́ máa kọjú sí. Gyroscope kò ju èyí lọ: òkòtó tí iná mànàmáná kò jẹ́ kí ó sinmi.

Ní Farnborough, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn onímọ̀ ti fi irú òkòtó yìí sínú awò ìfojúsùn. Wọ́n dán èyí àkọ́kọ́ wò ní 1941, ṣùgbọ́n ojú ihò kékeré ni awakọ̀ ní láti máa yọjú wò, kò sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Mark II ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ Ferranti ṣe é ní Edinburgh. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní K-14, ó sì wọ inú ọkọ̀ Mustang ní 1944.

Dígí kékeré kan wà lára òkòtó náà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ta padà lára dígí yìí ni ó ń di òrùka àmì mẹ́fà tí awakọ̀ ń rí níwájú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ń yí ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀tá, orí kunkun òkòtó kì í jẹ́ kí ó tètè bá ọkọ̀ yí. Ó ń fà sẹ́yìn, òrùka sì ń fà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Kí awakọ̀ tó lè gbé òrùka lé ọ̀tá lórí, àfi kí ó yí ọkọ̀ síwájú sí i. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìbọn rẹ̀ ti kọjú sí iwájú ọ̀tá, láìjẹ́ pé ó ṣe ìṣirò kankan.

Báwo ni òkòtó ṣe mọ ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó fà sẹ́yìn? Abọ́ bàbà kan wà lára rẹ̀ tí ń yí láàárín òòfà tí iná mànàmáná ń fún lágbára. Òòfà yìí ni ó ń fa òkòtó padà sí ọ̀nà ìbọn. Bí ọ̀tá bá sún mọ́, òòfà a le sí i, òkòtó kì í sì í fà sẹ́yìn púpọ̀. Bí ọ̀tá bá jìnnà, òòfà a dẹ̀, òkòtó a sì fà sẹ́yìn gan-an. Awakọ̀ ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ bí ọ̀tá ṣe jìnnà tó. Yóò kọ́kọ́ fi ìwọ̀n ìbú ìyẹ́ ọkọ̀ ọ̀tá sára ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, yóò máa yí ọwọ́ tí ó fi ń darí agbára ẹ́ńjìnnì títí òrùka yóò fi ká ìyẹ́ náà mọ́. Bí ó bá mú un dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lè yìnbọn. Kókó ọ̀rọ̀ náà nìyí: wọ́n ṣe é kí ìfàsẹ́yìn òkòtó bá àkókò tí ọta yóò fi rìn mu.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí tán fún ọmọ náà, inú rẹ̀ dùn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹni tí ó wà nínú òrùka náà ńkọ́?"

N kò retí ìbéèrè yẹn. Òótọ́ ni pé ènìyàn ni ó jókòó sí àárín ìyẹ́ tí òrùka ká mọ́, ọmọ ẹnì kan ni, ó sì ṣeé ṣe kí òun náà ti ta irú òkòtó kan rí ní ìlú tirẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Èdè tí ó bá fẹ́ sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe pẹ̀lú. Yorùbá lè sọ méjèèjì. Èmi ni mo yára sá kúrò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ náà tún ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kọ "òkòtó" sí i. Bí ẹ bá ní orúkọ mìíràn tí ó sàn ju èyí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tó mi létí.