Owó Àpótí Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Íńkúbétọ̀ ni àpótí tí ara rẹ̀ hàn bí dígí, tí a ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí, ìyẹn ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, nítorí pé ọ̀rá ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì tó láti mú un móoru. Yorùbá ní orúkọ Ọmọ́pẹ́ fún èyí tí ó pẹ́ nínú, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kánjú dé kì í rí ọjọ́ kẹjọ tí à bá fi sọ wọ́n lórúkọ.

Nǹkan bí ọdún 1880 ni Stéphane Tarnier, dókítà agbẹ̀bí ní Paris, mú irú àpótí yìí wọ ilé ìgbẹ̀bí, lẹ́yìn tí ó rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin adìẹ. Ọgbọ́n ti dé, owó ni kò bá a dé. Ní Coney Island, ibi ìgbafẹ́ létí òkun ní New York, Martin Couney, ẹni tí àwọn olùwádìí kò rí ìwé ẹ̀rí ìṣègùn kankan tí ó gbà, pàtẹ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí láti 1903 títí di 1943, ó ń gba 25 sẹ́ńtì lọ́wọ́ òǹwòran kọ̀ọ̀kan, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí. Lóòótọ́, ìtìjú ni kí a sọ ọmọ ìkókó di ìran àpéwò. Síbẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà yẹn kò parí sórí àpótí, nítorí òun náà ni wọ́n fi ń san owó àwọn nọ́ọ̀sì tí ń ṣọ́ ọmọ tọ̀sán-tòru àti ti àwọn abiyamọ tí ń fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìtọrẹ àánú òde òní ti ń kùnà. Wọ́n á ra ẹ̀rọ, wọ́n á ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ, ta ni yóò sì wá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí kò sí lọ́jà? Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, tí ó gba Ẹ̀bùn Sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà ní 2023 fún ẹ̀rọ tí ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ àwọn íńkúbétọ̀ tí ilé ìwòsàn ti pa tì di ọ̀tun, tí ó ń fi ẹ̀yà tuntun sínú àpótí àtijọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọmọ tuntun lọ́rẹ, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè pé mélòó ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú èyí tí ó wà nílẹ̀.