Tannápoṣó Ìyá Wa ní Ìjerò

Nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún tí ó kọjá ni mo gbéra láti Iléṣà lọ sí Ìjerò, láti lọ wo ilé tí ìyá wa fi sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wọ ilẹ̀ Èkìtì, òkè ni ó ń pàdé ẹni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè jókòó láàárín àwọn òkè olókùúta. Aramọkọ ń bẹ níwájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo sì yà sí Ìjerò. Ní gbogbo ọ̀nà náà koríko ti gbẹ, eruku sì ti bo ewé igi.

Nígbà ayé ìyá wa, tannápoṣó ni ó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní òdòdó aago mẹ́rin, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń là. Òórùn dídùn rẹ̀ a gba àgbàlá ní alẹ́, àwọn àfòpiná a sì máa wá a. Bí oòrùn bá mú ní ọjọ́ kejì, a rọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, síbẹ̀ ó ti di ọmọ ilé láàárín wa. Ní ọdún 1909, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Carl Correns, kéde pé èyí tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n funfun nínú wọn, ìyá nìkan ni ọmọ rẹ̀ ń bá jọ ní àwọ̀ ewé, kì í ṣe baba.

Nígbà tí mo dé ilé, mo bá iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì tí a kó jọ láti fi bo gbogbo àgbàlá. Ẹ̀ka gbígbẹ nìkan ni ó kù ní ibi òdòdó náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ó ti kú. Kí ni o tún fẹ́ fi ṣe?” Mo gba ọkọ́, mo rọra wú ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ nìyí, ó tóbi bí iṣu kékeré, ó sì tutù. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, kò fọhùn. Lẹ́yìn náà ni ó pe bíríkìlà, ó ní kí ó fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Mo ṣa irúgbìn tí ó ti bọ́ sílẹ̀ lọ sí ilé mi. Ó dúdú bí iyèré, ó sì tóbi jù ú lọ díẹ̀. Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹrin, mo rẹ ẹ́ sínú omi ní òru kan, mo sì rì í sínú ilẹ̀ tí oòrùn ń pa, kò jìn tó oríkèé ìka kan. Mo fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí àárín wọn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé wọ́n ti hù. Kí ọdún tó yí wọ́n ti tanná.

Ẹ kíyè sí èyí: májèlé ni irúgbìn àti gbòǹgbò rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi sí ẹnu. Èyí tí ó bá hù jù, kí ẹ fà á tu. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá pa ewé rẹ̀, ẹ má ṣe yára hú u. Ẹ dúró de òjò.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ láti Ìjerò pé, “Tannápoṣó ìyá wa ti rú.”