Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Wá Ọkọ̀ Kejì

Bíbélì kíkà: Lúùkù 14:25–33

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rò pé mo ti fi iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀, mo di oníṣòwò mọ́tò o. Ohun tí Olúwa fi kọ́ mi lọ́gbọ́n nígbà tí a ń wá ọkọ̀ kejì ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó epo ti sú ọ̀pọ̀ nínú yín.

Kubwa ní Àbújá ni à ń gbé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni a ní tẹ́lẹ̀, Toyota Sienna ọdún 2005. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, òun náà ló ń kó àwọn ará wá sí ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, èmi ni mo máa ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ mi, ní ìletò àwọn Gbàgyí kan lẹ́yìn Gwagwalada. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibẹ̀ tó kìlómítà 50. A ó gba Zuba kọjá, a ó dé Gwagwalada, lẹ́yìn náà a ó yà sí ọ̀nà eléruku tí òjò máa ń sọ di ẹrẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé kíkà àti Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ epo ṣe rí. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó lítà kan kò tó ₦200. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ó ti di ₦617. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ₦1,030 ni wọ́n ń tà á ní Àbújá níbí. Owó oṣù tèmi kò yí padà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín lílọ mi kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Mo gbìyànjú láti máa wọ ọkọ̀ èrò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àbújá mọ ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́ àwọn "wan-ṣáǹsì". Ìgbà tí mo bá tún fi máa wọ ọ̀kadà láti Gwagwalada wọ inú ìletò, ọjọ́ ti lọ.

Ní ọjọ́ kan tí mo dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá àgbà kan nínú kíláàsì wa wò mí, ó sì fi èdè Haúsá bi mí pé: "Ọmọ mi, ṣé epo tó wọ́n ló mú kí Ọlọ́run jìnnà sí wa báyìí?" Kò fi bú mi. Ó fẹ́ mọ̀ ni. N kò rí èsì fún un. Títí mo fi délé ni ọ̀rọ̀ náà ń dún létí mi.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí Olúwa fún wa ní ọkọ̀ kejì. Àdúrà yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: mo ti yan ọkọ̀ náà fún Ọlọ́run kí n tó kúnlẹ̀. Jíìpù ni mo fẹ́. Mo ti rí i níbi ìpàdé àwa òṣìṣẹ́ ìhìnrere bí àwọn ènìyàn ṣe ń sáré ṣí géètì fún àwọn kan, tí àwa tó fẹsẹ̀ rìn wọlé sì ń wá ibi tí a ó jókòó sí. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀nà ìletò ló jẹ́ kí n fẹ́ jíìpù. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ nìyẹn.

Láìpẹ́, ẹnìkan tí a mọ̀ fẹ́ ta Highlander onísílíńdà mẹ́fà rẹ̀, ó ní kí a máa san án díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn, mo ní Olúwa ti dáhùn. Mo ti ń pinnu pé n ó yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi san apá àkọ́kọ́. Bàbá àwọn ọmọ gbọ́ mi tán, kò jà, kò sọ pé rárá. Ó kàn ní, "Jókòó ná. Ẹ bá mi mú ìwé àti bírò wá."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ "jókòó" yẹn gún mi lọ́kàn, nítorí mo ti wàásù lórí rẹ̀ rí. Nínú Lúùkù orí kẹrìnlá, Olúwa wa sọ ìtàn ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò bóyá owó òun á ká a. A kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ Bíbélì pé kí a má fi ìtàn yìí sọ̀rọ̀ owó nìkan, nítorí ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ni Jésù ń bá ogunlọ́gọ̀ tó ń tẹ̀lé e sọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó sọ ọkùnrin náà di ẹni ẹ̀sín: ìpìlẹ̀ tó fi lélẹ̀ tí kò lè parí. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, ṣé ohun tí o bẹ̀rẹ̀ yìí, wà á lè bá a dópin? Èmi sì rèé, mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìletò, mo sì ń wá ọkọ̀ tí yóò dá a dúró sí ìpìlẹ̀.

A ṣírò. Mo ti kọ́kọ́ wọn ìwọ̀n epo tí Sienna wa ń mu. Ẹ̀yin náà lè ṣe é: ẹ rọ epo kún táǹkì, ẹ kọ iye tó wà lójú mítà sílẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún rọ ọ́ kún. Ẹ fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Tiwa jẹ́ kìlómítà 8 sí lítà kan. Highlander tí mo ń fẹ́ kò yàtọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì 3.3 lítà kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. A bi àwọn tó ń lo Corolla 1.8 nínú ìjọ wa, wọ́n ní àwọn ń rí bíi kìlómítà 12. Arábìnrin kan tó ní Kia Picanto 1.1 ní òun ń rí 15.

Ìrìn àjò mẹ́ta lọ́sẹ̀ jẹ́ kìlómítà 300. Ní ₦1,030 lítà kan, jíìpù yóò mu epo ₦38,625 lọ́sẹ̀. Corolla yóò mu ₦25,750. Picanto yóò mu ₦20,600. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ti jíìpù di ₦154,500. Owó yìí kò jìnnà sí gbogbo owó tí mo ń gbà lóṣù, ó sì ju ìlọ́po méjì ₦70,000 tí ìjọba fi òfin sọ di owó oṣù tó kéré jù lọ ní ọdún 2024. A kò tíì sọ̀rọ̀ gbèsè alájẹṣẹ́kù. Bí mo bá ra jíìpù yẹn, yóò dúró sí iwájú ilé wa, yóò sì lẹ́wà níbẹ̀, ìyá àgbà yóò sì máa retí mi.

Mo sunkún díẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe nítorí owó, bí kò ṣe nítorí pé mo rí ọkàn ara mi.

Ẹnìkan lè sọ pé, ó yẹ kí ẹ ra Picanto nígbà náà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó epo nìkan kọ́ ni ìnáwó ọkọ̀. Ọkọ̀ kékeré yẹn sún mọ́ ilẹ̀ jù fún kòtò tó wà lọ́nà ìletò, mo sì máa ń gbé aláìsàn tàbí aboyún wá sí ilé ìwòsàn ní Gwagwalada. Fún Corolla, mẹkáníìkì tó bá wà ní ìdí igi lásán mọ̀ ọ́n tún ṣe, sípéà páàtì rẹ̀ sì wà káàkiri. Àwọn bàbá wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìtẹ́ tó tóbi jù kò dára, èyí tó kéré jù náà kò gba eku.

Rírí èyí tó dára kò rọrùn. Corolla àkọ́kọ́ tí a rí ń dán gbinrin, mítà rẹ̀ sì fi hàn pé kò tíì rìn púpọ̀. Mo ti fẹ́ san owó. Mẹkáníìkì tó bá wa lọ ní kí n wo pẹ́dà bíréèkì: ó ti jẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ara ọwọ́ ìtọ́kọ̀ náà ti bó. Ó ní, "Màmá, mítà lè purọ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í purọ́." Wọ́n ti yí mítà padà sẹ́yìn.

Ohun tó kọ́ mi nìyí, mo sì fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ lọ wo ọkọ̀ ní àárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, kí wọ́n tó tan án. Ẹ wo èéfín rẹ̀: èyí tó bá ń rú aró, ọ́ìlì ló ń jó, funfun tó nípọn tí kò dáwọ́ dúró, omi ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, dúdú, epo ló ń fi ṣòfò. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí mílíìkì níbẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ wo bóyá ìpata wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn tòkunbọ̀ mìíràn ti mu omi àgbàrá rí. Kí nọ́ńbà ara ọkọ̀ bá ti inú ìwé mu. Bí ẹ bá sì rà á tán, ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ táyà, ẹ máa pààrọ̀ pọ́ọ̀gì lásìkò, ẹ má sì máa sá eré àsápajúdé, torí iná ni ẹsẹ̀ wúwo ń fi owó epo jó.

Corolla ọdún 2005 kan tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà ni a rà níkẹyìn. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n a kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti bàjẹ́ jù nígbà òjò, mo máa ń páàkì rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo máa ń fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ẹnìkan bi mí pé, "Ìyá Míṣọ́n, ẹ̀yin náà kò ṣe wá jíìpù?" Ó dùn mí díẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín pé ìgbéraga ti kú pátápátá nínú mi.

Ṣùgbọ́n mo ti padà sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Obìnrin méjì tó kúrò ní kíláàsì nígbà tí n kò wá déédéé kò tíì padà, mo sì ń gbàdúrà fún wọn lórúkọ lórúkọ. Ìyá àgbà ṣì ń bẹ. Nígbà tó rí mi lọ́jọ́ kejì léraléra, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́run ti sún mọ́lé." Mo sọ fún un pé Ọlọ́run kò jìnnà rí, ìránṣẹ́ rẹ̀ ló rìn jìnnà.

Olùkà mi, kí ni ẹ ń bẹ Ọlọ́run fún lọ́wọ́ báyìí? Ṣé iṣẹ́ tó gbé lé yín lọ́wọ́ ló ń béèrè rẹ̀, tàbí ojú àwọn ènìyàn? Ẹ jókòó ná. Ẹ mú ìwé àti bírò. Ìṣírò kò lòdì sí ìgbàgbọ́.

Àdúrà: Bàbá, ẹ dárí jì wá níbi tí a ti fi orúkọ yín bo ìfẹ́ ọkàn wa mọ́lẹ̀. Ẹ fún wa ní ohun tó tó láti parí iṣẹ́ yín, àti ọkàn tí yóò gbà pé ó tó. Ní orúkọ Jésù. Àmín.