Ṣé O Ti Kọ́ Ọ?

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì máa ń pa á fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó yẹ kí n lò ó fún ara mi, orí fóònù ni ojú mi wà. Ìtàn náà kò buyì kún mi. Bí ó ti wù kí ó rí, n ó sọ ọ́.

Ilé-Ogbó, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, nítòsí Ìwó, ni ilé bàbá mi. Ní àkókò ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń wa katakata ní kí n wá bá òun kó ẹ̀gẹ́ láti oko wá sílé. Katakata wà níwájú, tírélà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ó kún fún ẹ̀gẹ́ sì wà lẹ́yìn. Irin kan ṣoṣo ni ó so méjèèjì pọ̀. A ó ti irin yìí bọ inú ihò, a ó sì fi ìkọ́ kékeré kan há a nísàlẹ̀, kí ó má baà fò jáde bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ ìkọ́ yìí lé lọ́wọ́.

Mo ti irin bọ ihò. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ pé kí n fi ìkọ́ há a ni fóònù mi dún. Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó kọ̀wé pé èsì ìdánwò wa ti jáde. Mo dìde, mo ń kà á. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Ṣé o ti kọ́ ọ?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá." Ẹ má ṣe rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ẹnu ni ó dáhùn, ọkàn kò sí níbẹ̀. Àpò mi ni ìkọ́ náà wà.

Nígbà tí a ń gun òkè kékeré tí ó wọ ìlú, mo na fóònù sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó wá wo máàkì mi. Ó yí ojú sí i, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà gan-an ni táyà wọ kòtò. Gbà! Irin fò jáde. Kí a tó bojú wẹ̀yìn, tírélà ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sísàlẹ̀, ó ń dá lọ, àtíbàbà ìyá alákàrà kan ni ó sì lọ kọlù. Ìyá náà ti dìde lọ bu omi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ni ó jókòó ti agbada. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀.

Ìyá arúgbó náà kò bú wa. Ohun tí ó bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: "Ọmọ mi, kí ni ẹ ń wò?" N kò lè sọ fún un pé máàkì mi ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń fa ẹrù. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká, tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìwé rẹ̀, ni ó sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìlànà ojú pópó wa ní kí ọkọ̀ tí ó bá ń fa ọkọ̀ mìíràn má ṣe sáré ju kìlómítà 45 ní wákàtí kan lọ, ìbáà jẹ́ inú ìlú, ìbáà jẹ́ ọ̀nà márosẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀. Ní eré 45 yìí, ẹni tí ó bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ti fi ojú dídì rin ohun tí ó lé ní mítà 37. Ẹni tí ń fa ẹrù, ọkọ̀ méjì ni ó ń wà. Ìjánu ọkọ̀ iwájú kò sì ràn mọ́ tẹ̀yìn mọ́ bí ìdè bá ti já.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí oko. Ní Ojúẹlẹ́gba, l'Ékòó, àpótí onírin ńlá tí a ń pè ní kọ̀ǹténà já lulẹ̀ láti orí afárá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ó pa ènìyàn 3. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, òmíràn já bọ́ lu bọ́ọ̀sì èrò ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, ènìyàn 9 ni ó kú. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹténà ni ó yẹ kí a fi irin dè mọ́ ọkọ̀ kí ó tó kúrò lójú kan. Bí mo bá ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlòmíràn a máa gégùn-ún fún awakọ̀. Èmi a máa fọwọ́ kan àpò mi.

Ẹ̀kọ́ èdè ni mo ń kọ́ ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé "kọ́" tí a fi ń so nǹkan rọ̀ àti "kọ́" tí a fi ń gba ẹ̀kọ́, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo tún bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí oko. Ẹ̀wọ̀n ti wà lára tírélà báyìí, kí ó lè dì í mú bí irin bá tilẹ̀ fò. Kí a tó gbéra, ó bi mí pé, "Ṣé o ti kọ́ ọ?" Mo fi fóònù sínú àpò, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ìkọ́ náà, mo mì ín wò. Lẹ́yìn náà ni mo tó dáhùn.